Ìgbaradì fún Ẹ̀kọ́ Ìjìnlẹ̀ nínú Ìmọ̀ Ìṣesí-Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1913 sí 2006

1.0 Ìfáárà

Kò sí iṣẹ́ kan tí ó ní láárí láwùjọ tí kò ní ìgbaradì tirẹ̀. Ẹni tí yóò di babaláwo yóò kọ́ Ifá lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó dá ọ̀pẹ̀lẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tí yóò di alágbẹ̀dẹ yóò fẹ́ ẹwìrì títí kí ọ̀gá tó gbà á láyè láti di ọmọ-owú mú. Ìbéèrè méjì ni ó máa ń wà nídìí irú ètò bẹ́ẹ̀: kí ni ẹni náà gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí wọ́n tó gbà á sẹ́nu ẹ̀kọ́, ta sì ni ó ní àṣẹ láti gbà á? Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì kì í dúró sójú kan. Bí àwùjọ bá ti ń yí padà ni òun náà ń yí.

Iṣẹ́ onímọ̀ ìṣesí-akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ìmọ̀ ìṣesí-ẹ̀dá ni orúkọ tí a lò níhìn-ín fún ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sàìkọ́lọ́jì. Ìmọ̀ ìṣesí-akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ẹ̀ka rẹ̀ tí ó jẹ mọ́ ọmọ tí ń kàwé: bí ó ti ń ronú, ohun tí kò jẹ́ kí ìwé wọ̀ ọ́ lórí, ohun tí ó mú kí ìwà rẹ̀ yàtọ̀ nínú kíláàsì, àti irú ìrànlọ́wọ́ tí ó yẹ kí ilé-ìwé ṣe fún un. Onímọ̀ yìí ni ó ń dán ọmọ wò, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì kọ sílẹ̀ lè gbé ọmọ náà kúrò ní ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn. Nítorí náà, ìgbaradì rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun nìkan. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí yóò jókòó níwájú rẹ̀ ni pẹ̀lú.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹni tí kò bá tíì ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kò lè rí àyè ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ yìí gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2006, wọ́n gba òfin yìí kúrò lọ́nà. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpa bí òfin náà ṣe dé àti ìdí tí ó fi lọ, kí ó sì wádìí bóyá ó dáàbò bo àwọn ọmọ tí a ṣe é fún. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé àríyànjiyàn lórí bóyá olùkọ́ ni onímọ̀ náà yóò kọ́kọ́ jẹ́ bo ìbéèrè mìíràn mọ́lẹ̀, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ú lọ.

2.0 Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà

Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1870 ni ó fi ìpìlẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún tẹrú tọmọ lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ní 1880, òfin mìíràn sọ ọ́ di dandan kí àwọn ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé. Kí àwọn òfin wọ̀nyí tó dé, ọmọ tí ìwé kò yé ń bá àwọn òbí rẹ̀ ṣiṣẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó ń wá ìdí rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ọmọ wá jókòó pọ̀ sínú kíláàsì kan náà ni ìyàtọ̀ àárín wọn di ìṣòro ìjọba. Òfin ọdún 1899 fún àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ láṣẹ láti ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n kà sí aláìpé ní òye. Dókítà ni ó ń pinnu ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ojú àìsàn ni wọ́n fi ń wo àìmọ̀wé.

Ní 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon gbé ìdánwò kan jáde ní ilẹ̀ Faransé tí ó fi àwọn ìbéèrè àti iṣẹ́ kéékèèké díwọ̀n òye ọmọ, láti lè mọ àwọn tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ ní ilé-ìwé. Binet fúnra rẹ̀ kò gbà pé iye tí ìdánwò bá fi hàn jẹ́ àyànmọ́ tí kò gbóògùn. Ó gbà pé a lè kọ́ ọmọ kí òye rẹ̀ sì gbèrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò náà kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ tí ó gbà á lò kò gba èrò yìí mọ́ ọn.

Ọdún 1913 ni ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí ó so ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Àkọ́kọ́ ni òfin tí ó sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ láti wá àwọn ọmọ tí òye wọn kò pé rí ní agbègbè wọn. Èkejì ni pé Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù gba Cyril Burt síṣẹ́, kì í ṣe fún gbogbo ọ̀sẹ̀, láti máa yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Burt ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà sí irú iṣẹ́ yìí ní Bìrìtéènì. A bí i ní 1883. Ó kàwé ní Oxford, níbi tí ó ti kọ́ nípa ìṣesí-ẹ̀dá lọ́wọ́ William McDougall, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni lẹ́yìn oyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé-ìwé àwọn ọmọdé ni ó ti wá sẹ́nu iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ yunifásítì ni ó ń ṣe ní Liverpool tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé kò sí ètò ìgbaradì kankan nílẹ̀ tí Burt tẹ̀ lé. Òun ni ó lanà fúnra rẹ̀. Ó ń lọ sí ilé-ìwé, ó ń bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, ó ń ṣe ìdánwò, ó sì ń kọ ìwé. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀dọ́ ọ̀daràn jáde ní 1925, èyí tí ó kọ lórí ọmọ tí ó rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ sì jáde ní 1937. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé àbímọ́ ni òye jẹ́ ní pàtàkì, ìgbàgbọ́ yìí sì rìn jìnnà nínú ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Burt kú ní 1971. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí àwọn ìbejì wò tí wọ́n sì rí i pé àwọn iye kan nínú rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́. Ní 1979, L. S. Hearnshaw, ẹni tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, gbà pé ẹ̀tàn wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn mìíràn ti jiyàn ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn náà. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ fi hàn pé ìmọ̀ ìwé nìkan kò tó ẹ̀rí pé ìdájọ́ ènìyàn lórí ọmọdé yóò tọ́.

3.0 Ọmọ-ọ̀dọ̀ dókítà tàbí ẹni ilé-ìwé?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn ilé-ìtọ́jú kan bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìtọ́sọ́nà àwọn ọmọ tí ìwà tàbí ẹ̀kọ́ wọn kò lọ déédéé. Ní 1927, ẹgbẹ́ ìlera àwọn Júù dá ọ̀kan sílẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ dókítà Emanuel Miller. Ní 1929, òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní Islington pẹ̀lú owó tí àjọ Commonwealth Fund fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ irú mẹ́ta ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀: dókítà ọpọlọ ni olórí, onímọ̀ ìṣesí-ẹ̀dá ń ṣe ìdánwò, òṣìṣẹ́ kẹta sì ń bẹ ilé àwọn òbí wò. Irú ilé-ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ó di ibi ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn tí ó fẹ́ wọnú iṣẹ́ náà.

Ètò yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan. Dókítà ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, onímọ̀ ìṣesí-ẹ̀dá kò sì ju ẹni tí ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí ọ̀gá lọ. Ní 1931, ìlú Leicester gba ọ̀nà mìíràn. Ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú náà fúnra rẹ̀ ni ó dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣesí-akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé rẹ̀, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín sí méjì: ọ̀nà ilé-ìtọ́jú àti ọ̀nà ilé-ìwé. Ibi ìpínyà ọ̀nà yìí ni òfin pé kí onímọ̀ náà jẹ́ olùkọ́ ti fìdí múlẹ̀. Bí onímọ̀ ìṣesí-akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ bọ́ lábẹ́ dókítà, ó gbọ́dọ̀ ní ilé tirẹ̀ tí yóò fẹ̀yìn tì. Ilé-ìwé ni ilé náà, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

4.0 Ọ̀nà ọdún méje

Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1944 àti ìlànà tí ó tẹ̀ lé e ní 1945 pín àwọn ọmọ tí ó ní ìpèníjà sí ọ̀wọ́ mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú wọn ni ti àwọn tí a kà sí ẹni tí òye rẹ̀ kò tó ìwọ̀n nínú ẹ̀kọ́. Àwọn tí iye òye wọn nínú ìdánwò wà láàárín nǹkan bí 50 sí 70 ni wọ́n sábà máa ń kó sí ọ̀wọ́ yìí, tí wọ́n sì ń rán lọ sí ilé-ìwé àkànṣe. Àwọn tí tiwọn bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní wọn kò ṣeé kọ́ rárá, wọ́n sì fà wọ́n lé àwọn elétò ìlera lọ́wọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1970 ni ó fòpin sí èyí, nígbà tí ó ní kí gbogbo ọmọ wọ abẹ́ àṣẹ ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ láti oṣù kẹrin ọdún 1971. Nítorí ìdánwò wọ̀nyí, iṣẹ́ onímọ̀ ìṣesí-akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i, àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ sì pọ̀ sí i, irú bí University College ní Lọ́ńdọ̀nù, Yunifásítì Birmingham àti Tavistock Clinic.

Ìgbaradì tí wọ́n ń béèrè kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́ta láti gba oyè gidi nínú ìmọ̀ ìṣesí-ẹ̀dá. Yóò lo ọdún kan sí i láti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni. Yóò wá kọ́ni ní ilé-ìwé fún ọdún méjì, ó kéré tán. Lẹ́yìn èyí ni ó tó lè jìjàdù fún àyè ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ọlọ́dún kan. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọdún méje ni, bí kò bá sí ìdádúró kankan. Àwọn mìíràn gba ẹ̀yìn wọlé: olùkọ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń kàwé ní alẹ́ ní ibi bíi Birkbeck ní Lọ́ńdọ̀nù títí wọ́n fi gba oyè ìmọ̀ ìṣesí-ẹ̀dá.

Àwọn tí ó gbè lẹ́yìn òfin yìí ní àwíjàre tí ó múná dóko. Wọ́n ní ẹni tí kò tíì dúró níwájú ogójì ọmọ rí kò lè mọ ohun tí ó ṣeé ṣe nínú kíláàsì. Ìmọ̀ràn tí kò ṣeé lò ni yóò máa gba olùkọ́, olùkọ́ yóò sì dà á nù. Wọ́n tún ní ẹni tí ó jẹ́ pé ọmọ tí ó ní ìṣòro nìkan ni ó ń rí kò lè mọ bí ọmọ tí kò ní ìṣòro ti rí. Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀: abẹ́ Ìgbìmọ̀ Soulbury, tí ó ń pinnu owó oṣù àwọn olùdámọ̀ràn àti alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ni owó oṣù wọn wà. Ẹni tí yóò gba owó bí ọ̀gá láàárín àwọn olùkọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ àlejò láàárín wọn.

Síbẹ̀, òfin náà ní ohun tí ó ń náni. Ẹni tí ó gba ọ̀nà gígùn yìí ti dàgbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tí kò sì ní owó tàbí tí ẹrù ilé wà lọ́rùn wọn a máa já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Iye àwọn onímọ̀ náà kò tó iye ọmọ tí ó nílò wọn. Ní 1965, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Arthur Summerfield láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní 1968. Ó dámọ̀ràn pé kí onímọ̀ ìṣesí-akẹ́kọ̀ọ́ kan wà fún ọmọ ilé-ìwé 10,000, ó sì gbé ìbéèrè dìde lórí bóyá ó di dandan kí gbogbo ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà gba ọ̀nà iṣẹ́ olùkọ́ kọjá. Ṣùgbọ́n òfin náà kò yí padà. Ọdún 38 ni ó tún lò lẹ́yìn àbọ̀ yìí.

5.0 Ìdánwò àti ọmọ àjèjì

Bí a bá fẹ́ mọ bí oògùn kan ti jẹ́, ara aláìsàn ni a ó wò. Bí ìgbaradì ọdún méje yìí bá dára tó bí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ti wí, ó yẹ kí ó hàn lára àwọn ọmọ. Àwọn ọdún 1960 ni àǹfààní láti wò ó yọjú. Àwọn ènìyàn láti erékùṣù Karíbíánì ti ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìparí àwọn ọdún 1940, ọmọ wọn sì ti kún àwọn ilé-ìwé Lọ́ńdọ̀nù. Kò pẹ́ tí àwọn òbí fi ṣàkíyèsí pé iye ọmọ wọn tí wọ́n ń kó lọ sí ilé-ìwé àwọn tí òye wọn kò tó ìwọ̀n pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, bí a bá fi wé iye wọn ní àwọn ilé-ìwé yòókù. Ní 1969, ní agbègbè Haringey ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òbí dìde tako ètò tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ fi pín àwọn ọmọ sí ìpele nípa ìdánwò.

Ní 1971, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé New Beacon gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí Bernard Coard kọ. Ọmọ Grenada ni Coard, ó sì ti kọ́ni ní irú ilé-ìwé àkànṣe bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlàyé rẹ̀ ni pé kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà gọ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ni ó sọ wọ́n di gọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ àti àṣà inú ìdánwò jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ funfun tí ó rí jẹ. Ó ní ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀, kò lè fi gbogbo òye rẹ̀ hàn níwájú àjèjì tí ń da ìbéèrè bò ó. Ó tún ní olùkọ́ tí kò retí ohun rere lọ́dọ̀ ọmọ kò ní í rí ohun rere lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kò ní í pẹ́ mọ ohun tí Coard ń wí. Bí a bá fi àwòrán ilé han ọmọ kan tí ó dàgbà ní Ìsẹ́yìn, tí a ní kí ó sọ ohun tí ó kù, tí ohun náà sì jẹ́ ihò èéfín orí òrùlé, ọmọ náà yóò ní kò sí ohun tí ó kù. Òótọ́ ni ó sọ. Nílé tirẹ̀, kò sí ohun tí ó kù. Ṣùgbọ́n òdo ni ìwé ìdánwò yóò fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí kan náà lè jẹ́ ọ̀tá ayò tí àgbà ń sá fún, ó sì lè já àlọ́ àpamọ̀ tí onídànwò náà kò ní í lè já títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì jìnnà sí àwọn Yorùbá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Láti àwọn ọdún 1950 sí 1970, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà ni ó fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn alágbàtọ́ aláwọ̀ funfun kí wọ́n lè ráyè kàwé. Inú irú ilé-ìwé kan náà ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti kàwé.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Dókítà ni ó ń fọwọ́ sí ìwé nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe ìdánwò ni ó ti gba ọ̀nà gígùn náà kọjá. Wọ́n ní oyè, wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni, wọ́n sì ti kọ́ni. Gbogbo rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ náà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò méjì ni ètò ìgbaradì yìí gbé kalẹ̀: ìmọ̀ ìṣesí-ẹ̀dá àti ìmọ̀ kíláàsì. Ààrò kẹta, èyí tí í ṣe ìmọ̀ ilé tí ọmọ ti wá, èdè tí ó ń sọ níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbọ́n níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Àwọn tí ó ní in kò sì pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Waveney Bushell, tí ó ti Guyana wá, tí a kà mọ́ àwọn adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ yìí ní Bìrìtéènì, wà lára àwọn tí ó pe àkíyèsí sí àṣìṣe inú ìdánwò wọ̀nyí, nítorí pé òun mọ èdè tí àwọn ọmọ náà ń sọ nílé.

6.0 Láti 1975 sí 2006

Lẹ́yìn ariwo yìí, àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ dókítà. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n fi ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣègùn nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ibi tí ọmọ yóò ti kàwé. Ní 1978, ìgbìmọ̀ tí Mary Warnock ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n pa àwọn ọ̀wọ́ àtijọ́ rẹ́. Ìgbìmọ̀ náà ní nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún ni yóò nílò àfikún ìrànlọ́wọ́ ní àsìkò kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1981, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983, sọ èrò yìí di òfin. Ó pa á láṣẹ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn onímọ̀ ìṣesí-akẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó kọ ìwé ìpinnu lórí ọmọ, ó sì fún àwọn òbí ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Òfin yìí gbé iṣẹ́ náà ga, ṣùgbọ́n ó tún fún un lọ́rùn. Ìbéèrè fún àwọn onímọ̀ pọ̀ sí i, ọ̀nà ọdún méje kò sì lè pèsè wọn tó. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ náà ń kúrò nínú kíláàsì nìkan. Òfin Àwọn Ọmọdé ti ọdún 2004 so ètò ẹ̀kọ́ mọ́ ètò ìtọ́jú ọmọ láwùjọ. Onímọ̀ náà sì ní láti bá àwọn ọmọ ọwọ́, àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba àti àwọn ẹbí wọn ṣiṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan kò tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní Scotland, níbi tí ètò wọn yàtọ̀, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì ni wọ́n ti ń ṣe, wọn kò sì fi dandan lé iṣẹ́ olùkọ́. Iṣẹ́ náà kò sì parun níbẹ̀.

Ní 2006, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ẹ̀kọ́ náà di ti ọdún mẹ́ta tí ó ń parí sí oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì gba dandan iṣẹ́ olùkọ́ kúrò. Láti ìgbà náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbára dì ni oyè nínú ìmọ̀ ìṣesí-ẹ̀dá tí ẹgbẹ́ British Psychological Society tẹ́wọ́ gbà, àti ìrírí bíbá àwọn ọmọdé tàbí ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́, tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún kan. Ìrírí náà lè jẹ́ ti olùkọ́, ó sì lè jẹ́ ti olùrànlọ́wọ́ inú kíláàsì, ti olùtọ́jú ọmọ, tàbí ti òṣìṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Ní 2009, orúkọ iṣẹ́ náà wọ abẹ́ ààbò òfin, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé àjọ tí ìjọba yàn kò lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

7.0 Ọ̀rọ̀ yìí àti Nàìjíríà

Àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá gba ọ̀nà olùkọ́-lákọ̀ọ́kọ́, wọn kò sì tíì fi í sílẹ̀. Inú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni ni ìmọ̀ ìṣesí-akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba oyè kejì nínú rẹ̀ sábà máa ń ní oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́ni, tàbí kí ó gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni lé oyè tí ó ní tẹ́lẹ̀. Àbájáde èyí ni pé ẹni tí ó kàwé nílé, tí ó wá fẹ́ tẹ̀ síwájú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oyè rẹ̀ han British Psychological Society kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìmọ̀ ìṣesí-ẹ̀dá inú rẹ̀ tó. Ààrò tí ó lágbára nílé lè má ká ojú ìwọ̀n lẹ́yìn odi.

Ṣùgbọ́n ní ti ààrò kẹta, ilẹ̀ Yorùbá ni ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ hàn. Ní 1970, ọdún kan kí ìwé Coard tó jáde, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Módákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ni aṣáájú ètò náà. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ta wọ́n yọ. Ohun tí ètò yìí fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní àìlóye lára ọmọ lè jẹ́ àìgbọ́ èdè tí a fi ń kọ́ ọ. Ètò Ìjọba Àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ní 1977 náà fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìmúṣẹ rẹ̀ ni kò bá ẹnu mu. Síbẹ̀, ẹ̀rí wà nílẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ohun tí àwọn òbí Haringey ń fi ẹnu sọ.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a tọpa rẹ̀ yìí fi hàn pé òfin pé kí onímọ̀ ìṣesí-akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ jẹ́ olùkọ́ kò ti inú ìmọ̀ nìkan wá. Ìjà àṣẹ láàárín dókítà àti ilé-ìwé wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó oṣù wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn olùkọ́ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí dókítà kò ní àṣẹ mọ́, tí iṣẹ́ náà sì jáde kúrò nínú kíláàsì, òfin náà pàdánù ohun tí ó gbé e ró, ó sì lọ.

A kò lè sọ pé kò wúlò. Ẹni tí ó ti kọ́ni mọ ẹrù tí olùkọ́ ń rù, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún 1960 jẹ́rìí sí i pé ẹni tí ó ní oyè, tí ó sì ti kọ́ni, lè jókòó níwájú ọmọ kan kí ó má rí i. Ọmọ tí wọ́n bá kó lọ sí ilé-ìwé tí kò yẹ ẹ́ nígbà náà, ó ṣòro kí ó tó padà. Ìwé-ẹ̀rí tí kò ní ní ìparí ilé-ìwé ni yóò máa bá a kiri lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Àyípadà ọdún 2006 ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti ibòmíràn yàtọ̀ sí kíláàsì wá, lára wọn sì ni àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ láàárín ẹbí àti àdúgbò. Ọ̀nà nìyẹn fi ṣeé ṣe kí ààrò kẹta dé ìdí iná. Ṣùgbọ́n àyè tí a fi sílẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan yóò gba ibẹ̀. Bí kò bá sí ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó mọ èdè àti ilé àwọn ọmọ tí yóò máa dá lẹ́jọ́, ìrírí ọdún kan lè rí gẹ́lẹ́ bí ìrírí ọdún méjì àtijọ́ ti rí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ń gbára dì fún iṣẹ́ yìí bi ara rẹ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ìbàdàn, kọjá pé ṣé òun ti kọ́ni rí. Ọmọ ta ni yóò jókòó níwájú òun, kí sì ni wọ́n ń pè ní ọgbọ́n nílé rẹ̀?